Wọn Ò Ní Kó Jókòó

Bí ẹ bá béèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò wa, wọ́n lè má mọ orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́. Gbọin ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó máa ń dúró gbọin-gbọin bí òpó iná. Wọn ò purọ́, ìta nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Wọn ò bá a níbi tó ti ń dìde láàárọ̀ rí.

Èmi ni àbúrò tó tẹ̀ lé e. Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú ni mo ti ń ránṣọ, yàrá ẹ̀yìn lòun ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ ẹ̀ sì ti fọ́n ká, oníkálukú ń wá bí yóò ṣe jẹun. Láàárọ̀, màá gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì bá dún. Mi ò ní wọlé, torí bí mo bá fi wọlé, ariwo ni yóò pa mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ní ihò, èmi náà sì ní ojú. Yóò yí ara ẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ìgúnpá wọ́ dé ìdí fèrèsé, yóò di irin fèrèsé mú, yóò wá máa fa ara ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó jìn. Nígbà tó bá fi máa jáde sí mi, ó ti fá irùngbọ̀n, ó ti ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, ó ti nàró.

"Ṣé o sùn dáadáa?" ló máa bi mí, bí ẹni pé èmi ni aláìsàn.

"Mo sùn o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bí ọmọ ọwọ́."

Irọ́ funfun báláú. Mi ò mọ ẹni tó tún lè purọ́ tó bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́jú.

Nígbà tó kúrò níṣẹ́ ṣọ́jà, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ló lọ ń ṣọ́. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbé báàgì wọn lé àga náà bí wọ́n bá ń wá kọ́kọ́rọ́. Ọdún lórí ọdún, orí ìdúró ló wà, títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ níṣojú àlejò, tí wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi nílé. Ọ̀dọ̀ mi ló wá sinmi sí. Ìsinmi náà ni pé bí mo bá rán aṣọ tán, òun ló ń lọ̀ ọ́. Yóò fi ìdí ti tábìlì kó má baà ṣubú, yóò máa lọ aṣọ, yóò máa súfèé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, mo gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Mo kọ́kọ́ rò pé aládùúgbò wa ló ń sun ẹran. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, áyọ́ọ̀nù ti jábọ́ lórí tábìlì, ó dojú dé orí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ń jó, ẹ̀gbọ́n mi sì ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń súfèé lọ ní tiẹ̀. Kò mọ̀. Mo figbe ta. Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ta ló wá gbé áyọ́ọ̀nù síbẹ̀ yẹn?"

Ọjọ́ yẹn ni mo fi tipátipá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ya àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní egungun kan ti yẹ̀ níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, pé òun ló ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, pé ẹsẹ̀ náà ti ń kú lọ. Iṣẹ́ abẹ lè tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kú tán pátápátá, kò sí ọ̀bẹ tó máa jí i. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í gba ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀ àfi tí ìjọba bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ogun ló sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Ohun tí a torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yìí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe nǹkan míì.

Òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo jà, mo bẹ̀bẹ̀, mo yan odì, kó tó gbà kí n kọ̀wé sí ìjọba. Èsì ò pẹ́ tó fi dé. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìwé tí àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi orúkọ sí bí ara wọn ò bá yá wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọkùnrin tí ara ẹ̀ le kokooko jálẹ̀ ogun kò lè wá sọ lónìí pé ogun ló ṣe òun léṣe.

"Báwo lorúkọ mi ṣe máa wà níbẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó wá ṣàlàyé fún mi, ohun tí kò sọ rí láti ìgbà tó ti ti ojú ogun dé.

Iṣẹ́ afárá ló ṣe lójú ogun. Bí ọ̀tá bá fọ́ afárá, àwọn ló máa lọ to irin sórí odò kí mọ́tò ogun lè rí ibi kọjá. Àwọn irin náà wúwo, ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé ẹyọ kan. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà bá lọ fi orúkọ sílẹ̀ pé ara òun ò yá, wọn ò ní fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Àwọn márùn-ún tó kù ló máa pín ẹrù ẹ̀ gbé. Ni wọ́n bá bá ara wọn ṣàdéhùn: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀. Bí ibà bá ń ṣe ọ́, gbé e. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbé e, ẹ̀yìn ni kí o ṣáà dúró sí. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ nínú ẹrẹ̀ etídò, tí irin náà wó lé e lẹ́yìn, wọ́n fà á jáde, wọ́n fi bẹ́líìtì di ìbàdí ẹ̀ gírígírí, ó sì ń bá wọn gbé irin lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tún gbé e lọ́jọ́ kejì. Ó gbé e títí ogun fi parí.

Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, orí yín ò pé," ni mo wí.

"Kò pé rárá," ló dá mi lóhùn, inú ẹ̀ sì ń dùn.

A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ló dúró fún wa. Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan ni, tí báàgì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ, kò sì sẹ́ni tí kì í ṣe "ọ̀gá mi" lẹ́nu ẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó là á yé e bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD.

"Ọ̀gá mi, nǹkan méjì la máa fi hàn wọ́n. Pé irin wó lù yín, ẹni tí ẹ jọ gbé irin ló máa sọ ìyẹn. Èkejì ni bí ara yín ṣe rí lónìí, ẹ̀yin lẹ máa fi ìyẹn hàn wọ́n. Ẹ mú ọ̀pá tí ẹ fi ń rìn dání. Ẹ wọlé bí ẹ ṣe ń rìn nílé. Ẹ jókòó. Bó bá dùn yín, ẹ jẹ́ kó hàn lójú yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe àṣejù o, ẹ ṣáà má bò ó."

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, sà."

Ó ti ọkàn ẹ̀ wá. Mo mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń purọ́, kì í ṣe ìgbà yẹn.

Nínú àwọn márùn-ún yòókù, ẹnì kan ṣoṣo la rí wá kàn, kápẹ́ńtà kan tó ń gbé ní ìlú tó jìn díẹ̀ sí wa. Ó dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹjọ́. Ó sanra débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé.

"Gbọin! O ò tíì kú?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè. Ikùn ta lo gbé wá yìí?"

"Tèmi ni. Èmi nìkan ni mo sì dá a gbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé wa. Èmi náà bá wọn rín in, mo gbàgbé ara mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kápẹ́ńtà ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ó bá ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń wọ́ lọ sí ìdí fèrèsé. Ó rọra padà sẹ́yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

"Àǹtí Télọ̀," ló wí nígbà tó yá, "èmi ni mo fa bẹ́líìtì yẹn le."

Mo ní kó lọ wẹ̀.

Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ wa wà. Ẹ bá mi gbọ́ o: ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, orí òkè ni wọ́n lọ gbé e sí. Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ti bàjẹ́, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lẹ́nu pé ká má bínú. Mo bínú. Kápẹ́ńtà wà lápá kan, èmi wà lápá kejì, a ń gòkè, a ń dúró, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbádùn afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí a dókè, mo lọ fi orúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí mo máa padà, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣófo.

"Ọ̀pá dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń nulẹ̀ yẹn. Ó máa bá mi tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ ṣèlérí?"

"Mo rí alága nígbà tó ń kọjá. Ọ̀gágun ni. Mo mọ̀ ọ́n látinú ìrìn ẹ̀." Ó tún kọ́là ọrùn ẹ̀ ṣe. "Mi ò lè mú igi wọlé tọ ọ̀gágun. Màá jókòó ṣáá, o gbọ́? Màá jókòó."

Kí n tó lanu, wọ́n ti pè wá.

Àwọn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tábìlì gígùn kan: alága náà nìyẹn, irun ẹ̀ ti funfun, lọ́yà kan wà lápá òsì ẹ̀ tó ń kọ̀wé, dókítà kan sì wà lápá ọ̀tún, obìnrin, kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Wọ́n to àga sílẹ̀ fún wa ní ìdojúkọ wọn. A kí wọn, a jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. Ó pa gìgísẹ̀ pọ̀, ó gbé àyà sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀, àtàǹpàkò ẹ̀ wà lójú ibi tí mo ti rán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò ẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ fà á láṣọ. "Ọ̀gá mi, ẹ jókòó."

Kò mira. Alága ń ṣí ìwé tó wà níwájú ẹ̀, kò gbójú sókè. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń retí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kí ọ̀gágun sọ pé "jókòó." Ó ti wà lára ẹ̀ láti kékeré ayé ẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn pé ọ̀gá ló ń ní kí ṣọ́jà jókòó. Nígbà tó ṣèlérí fún wa nílé, ohun tó rò ni pé wọ́n á ní kí òun jókòó.

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kó jókòó."

"Màmá, ẹ máa ní àsìkò tiyín," ni alága wí, orí ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. "Àga ńbẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá wù lè jókòó."

Ìyẹn kì í ṣe àṣẹ. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rí i pé kò gbà á bí àṣẹ.

Wọ́n ní kí kápẹ́ńtà sọ tiẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó sọ ti odò, ó sọ ti ẹrẹ̀, ó sọ bí irin ṣe wó àti ìró tó gbọ́, ó sọ ti àdéhùn àwọn mẹ́fà, ó sọ ti bẹ́líìtì, ó sì sunkún níwájú wọn láìtijú. Ìgbà yẹn ni alága gbójú sókè.

"Mo mọ afárá yẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Mọ́tò tèmi gba orí ẹ̀ kọjá."

Orí mi wú. Mo ní a ti jàre. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i tó tún ga sí i. Kápẹ́ńtà náà rí i, ayọ̀ sì gbé e lọ.

"Ọkùnrin yìí ò ju irin sílẹ̀ rí, sà!" ló wí. "Ẹ wò ó. Títí dòní olónìí!"

Ó ku díẹ̀ kí n gbé àga là mọ́ ọn lórí.

Dókítà béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bàbá, ṣé ìdúró ò ni yín lára?"

"Mo lè dúró, mà."

"Báwo lẹ ṣe lè dúró pẹ́ tó?"

"Títí wọ́n á fi ní kí n jókòó, mà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé níṣojú mi, kò sì yé e.

Nígbà tó kàn mí, mo tú gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo sọ ti irin fèrèsé, mo sọ ti áyọ́ọ̀nù, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó bọ́ bàtà kí wọ́n rí ojú ọgbẹ́.

"Télọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí bàbá wa bá fẹ́ kí n dákẹ́.

Alága ní kò sídìí fún bàtà bíbọ́, pé ìwé dókítà ti wà lọ́wọ́ àwọn. Èmi ń wo etí ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń gbọ̀n. Látorí orúnkún sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n tábìlì gíga yẹn ò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ rí i. Òkè nìkan ni wọ́n rí, òkè sì dúró ṣinṣin.

Wọ́n ní ká máa lọ. Ó kí ọ̀gágun bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá, ó yí padà, ó rìn jáde fúnra ẹ̀. Ilẹ̀kùn padé. A ya igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ó sì wó lulẹ̀ bí ilé tí òjò ti jẹ ìdí ẹ̀.

Mo sáré padà. Mo fẹ́ já ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà dì mí mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n jáde wá wò ó! Ó wà nílẹ̀! Níbí yìí ló wà!"

"Màmá, ẹjọ́ tiyín ti parí. Ẹlòmíì ti wọlé."

"Kí wọ́n kàn yọjú ni!"

"Ohun tí wọ́n bá rí nínú yàrá ni wọ́n ń kọ, Màmá. Wọn kì í kọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má bínú."

Kápẹ́ńtà, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọkùnrin tó ń nulẹ̀ àti èmi la gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kápẹ́ńtà ló ń pàṣẹ. "Ẹ mú un! Ó yá, gbé!" Òógùn ti bo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ètè ẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí a dé àárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó lajú, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ò pé mẹ́fà," ló wí.

A dúró de ìdájọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi jẹ. Mo ń ránṣọ, mo ń sọ fún ara mi pé alága mọ afárá yẹn, pé ọkùnrin tó bá gba orí afárá kọjá ò ní gbàgbé àwọn tó fi ọwọ́ gbé e. Mo tiẹ̀ ti ń ronú irú aṣọ tó máa wọ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ ló mú ìwé náà wá. Ó wọlé, kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá mi. Mo ti mọ̀ kó tó gbé báàgì sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì dìde dáadáa láti ọjọ́ ẹjọ́. Ó ní kí n kà á sókè, mo kà á. Ìgbìmọ̀ gbà pé irin wó lu ẹni tó pe ẹjọ́, wọn ò sì ṣiyèméjì nípa ẹ̀rí ẹni tó jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, ìgbìmọ̀ sì fi ojú ara wọn rí i pé kò mú ọ̀pá dání, ó sì dúró ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfara ti nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi àga lọ̀ ọ́. Àìlera ẹ̀ ò tíì dé ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. A da ẹjọ́ náà nù. Ìdájọ́ yìí lòpin.

"Kò síbòmíì tí a lè gbé e lọ?" ni mo bi akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Kò sí mọ́, Àǹtí."

Mo gbé alága ṣépè. Mo ṣépè fún dókítà àti kápẹ́ńtà àti ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo dojú kọ ẹ̀gbọ́n mi náà, mo ní òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ ta ẹsẹ̀ ẹ̀ nù, mo ní kí ló máa ná an ká ní ó ṣubú níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

"Tún ka ibì kan yẹn fún mi," ló wí.

"Ibo?"

"Ibi tí wọ́n ti ní mo dúró."

Mo wò ó. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún ibẹ̀ kà.

"Ọ̀gágun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ló fọwọ́ sí i."

"Ó rí mi, nígbà náà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì di ojú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi kú tán, bí dókítà ṣe sọ. Irin fèrèsé yẹn ti ń dípẹtà, kò sẹ́ni tó ń dì í mú mọ́. Kápẹ́ńtà fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe àga onítáyà kan, ó gbé e wá, kò lè wo ojú mi. Inú ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ó ń bá mi ja òwú kúrò lára aṣọ. Àwọn ará àdúgbò ò pè é ní Gbọin mọ́. Wọn ò pè é ní nǹkan kan.

Bí ìbànújẹ́ bá dé sí i lọ́sàn-án, yóò pè mí. "Télọ̀, bá mi mú ìwé yẹn wá." Kò sí ìwé tí mo kórìíra tó ìyẹn láyé yìí. Màá gbé aṣọ sílẹ̀, màá mú un wá, màá ka ibẹ̀ fún un: ó dúró ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò na ọrùn díẹ̀ nínú àga náà, yóò gbé àyà sókè. Màá dá ìwé padà sínú àpótí, màá jókòó sídìí ẹ̀rọ, màá sì wà á kíkankíkan kí ó má baà gbọ́ ẹkún mi.